Báńdù Ogún Èèyàn, Èèyàn Méjì

"Àwa méjì péré ni, Dádì," ni ọmọ àbúrò mi wí nígbà tó wá pè mí síbi eré wọn. Mo kọ́kọ́ rò pé ìjà ló tú báńdù wọn ká ni. Níbi tí èmi ti mọ orin, èèyàn méjì kì í ṣe báńdù. Èèyàn méjì ni ẹni tó gbé sípíkà àti ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n máa ki wáyà rẹ̀ bọ̀.

Yoruba Road ni wọ́n bí mi sí, ní Sabon Gari, Kánò. Ojú irin dé Kánò ní 1911, Sabon Gari sì tẹ̀ lé e: àwọn akọ̀wé, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ rélùwéè láti ìhà gúúsù, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kí wọ́n máa gbé inú odi ìlú. Àwọn baba wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà wà lára wọn. Ìlú tuntun ni orúkọ àdúgbò náà túmọ̀ sí lédè Haúsá, àmọ́ bí àgbà bá ti kú tàbí ìyàwó bá ti fẹ́ wọlé, àwọn ìlú àtijọ́ níhà gúúsù ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Báńdù jùjú gbọ́dọ̀ dé láti Ìbàdàn tàbí Èkó.

Mo ṣì ń rí bọ́ọ̀sì yẹn: ó ti gba Jẹ́bà àti Kàdúná kọjá, eruku ti pa á láró, àwọn ọkùnrin bí ogún sì ń bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń na ẹsẹ̀. Àwa ọmọdé a máa kà wọ́n. Onígìtá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, onígángan méjì, onísẹ̀kẹ̀rẹ̀, àwọn elégbè aláṣọ kan náà, àti ọkùnrin kan tí kò gbé ohun èlò kankan. Àpò ló gbé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ṣa owó nílẹ̀. Wọ́n á dí títì pa, wọ́n á ta tapólì, wọ́n á to àga, aago mẹ́wàá alẹ́ á sì lù tí wọ́n ṣì ń dán máìkì wò.

Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń retí: kí wọ́n pe orúkọ wọn. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, olórí báńdù á ti jókòó ti àwọn àgbà, á ti bèèrè ta ni àkọ́bí, ìdílé wo ni, kí ni orúkọ ìyàwó. Tó bá di aago kan òru, orúkọ náà á jáde lẹ́nu rẹ̀, gángan á gbà á, á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá mi, táyà ló ń tà, kì í ṣe ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Bí gángan bá kàn án, ilẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń wò, bí ẹni tí ìyá rẹ̀ pè láti ẹ̀yìnkùlé. Kó tó dìde.

Kì í ṣe pé orin wa kórìíra ẹ̀rọ o. Nínú àwo Aura tí Sunny Ade gbé jáde ní 1984, ẹ̀rọ ìlù LinnDrum wà níbẹ̀, Stevie Wonder sì fun hàmóníkà sí i. Ní Kánò níbí, kíbọ́ọ̀dù Yamaha ni àwọn stúdíò fi ṣe orin fíìmù Haúsá tí wọ́n ń pè ní nanaye. Méjì gan-an kì í ṣe tuntun: Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu, tí wọ́n bí sí Jọ́ọ̀sì ní 1948, fi ohùn méjì gbé Danger jáde ní 1976. Kẹ́hìndé kú ní 2019. Àwọn ìbejì tí ọmọ àbúrò mi ń wò lórí fóònù ni Major League DJz ti South Africa, Banele àti Bandile Mbere. Àwọn yẹn ń fa èrò rẹpẹtẹ. Tiwa kún gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan.

Bí o bá fẹ́ lọ síbi eré wọn, jẹun kúrò nílé. Aago mẹ́fà ni wọ́n kọ sínú ìwé, mẹ́sàn-án ni kí o dé. Wọ́n á yẹ ara rẹ wò lẹ́nu ọ̀nà. Àga kò tó nǹkan. Orin kì í parí, ọ̀kan ń wọnú òmíràn, ohùn ìsàlẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní log drum a sì máa lù ọ́ láyà. Igi kọ́ ni wọ́n gbẹ́ ṣe é. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń fà á yọ. Ọmọ àbúrò mi dojú kọ láptọ́ọ̀pù bí akọ̀wé báńkì. Ẹnì kejì, ọmọ Ígbò tí wọ́n bí sí Enugu Road, ló ń di máìkì mú: hypeman ni wọ́n ń pè é.

Mo ti bínú díẹ̀ kí n tó rántí. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2013, bọ́ǹbù bú ní Sabon Gari níbi tí èèyàn ti ń ṣe fàájì lálẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, òmíràn tún bú ní àdúgbò Gold Coast. Láti ìgbà náà, ilé wa kò dí títì pa mọ́. Ta ni yóò sì kó ogún èèyàn gba ọ̀nà Kàdúná lónìí? Méjì ló ṣẹ́ kù tó lè wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwà kan pẹ̀lú ẹrù wọn.

Hypeman náà ń kí èèyàn ní Haúsá, Ígbò, Píjìn, Yorùbá. Àwọn tó ra ìgò olówó ńlá ló ń kí jù, èyí kò dùn mọ́ mi. Àmọ́ àwọn ọmọ tó yí mi ká, ọ̀pọ̀ wọn kò tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Oríkì wo ni ìbá kì fún wọn?

Lójijì, ó nawọ́ sí mi. "Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ wà nínú ilé!" Ibẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ pin. Ó tún un sọ ní Haúsá, ó dákẹ́. Ọmọ àbúrò mi tẹ nǹkan kan, ohùn gángan sì jáde nínú láptọ́ọ̀pù náà. Kò sọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Mo wo ilẹ̀. Mo dìde.

Mo ti fa igba náírà yọ kí ọmọdébìnrin kan tó di ọwọ́ mi mú. "Dádì, ẹ má ná an o!" Òótọ́ ni, òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 kò gbà kí a máa fọ́n owó níbi eré, wọ́n sì rán Bobrisky, gbajúmọ̀ orí ayélujára, lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀ ní 2024. Ó nawọ́ sí ara ògiri, níbi tí wọ́n lẹ nọ́ńbà àkáǹtì mọ́. Mo yọ fóònù, mo tẹ nọ́ńbà náà ní ẹyọ-ẹyọ, gángan sì ń lù mí lẹ́yìn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lọ.