Ojú Odídẹrẹ́

Ojú lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ẹni tó bá ti fi òwú hun ẹyẹ fún ọmọdé rí ni yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí ènìyàn nìkan. Ẹ lè hun ara rẹ̀, kí ẹ hun apá méjèèjì àti ìrù, kí ẹ ki òwú pílò sí i nínú títí ikùn rẹ̀ yóò fi rí rogodo. Bí kò bá tíì ní ojú àti àgógó, ìbọ̀sẹ̀ tí a ki nǹkan sí nínú lásán ni. Ọjọ́ tí ẹ bá rán ojú mọ́ ọn ni yóò tó wò yín padà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dédìí iṣẹ́ yìí. Ẹnìkan ra ẹyẹ aláṣọ kan fún ọmọ àbúrò mi, ọmọ oṣù mẹ́wàá. Ẹyẹ náà dára, ojú rẹ̀ dúdú, ó ń dán gbinrin. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Màmá wa rí i pé ọmọ ń jẹ nǹkan lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fún un lóúnjẹ. Ó ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó sì yọ ojú ẹyẹ jáde, ike kékeré kan tí kò ju hóró ẹ̀pà lọ. Bí ìka Màmá kò bá yá lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ.

Wọ́n gbé ẹyẹ náà sọnù, ọmọ sì sunkún rẹ̀ títí. Ni Màmá bá pè mí. Òun ló ń hun fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ gbogbo wa nígbà tí a wà lọ́mọ ọwọ́, òun ló sì kọ́ mi ní kóróṣé kí tíṣà wa tó ó fi kún un. Ṣùgbọ́n ojú tirẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì báyìí. "Ìwọ hun òmíràn fún ọmọ yìí," ó ní. "N kò fẹ́ rí ike kankan lára rẹ̀."

Àwọn ará Jàpáánì ní orúkọ fún irú ọmọláńgidi tí a fi òwú hun báyìí. Amigurumi ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń hun ún ló máa ń lo ojú oníke. Ojú náà ní ìdí gbọọrọ bí ìṣó. Wọ́n á tì í wọlé, wọ́n á fi wáṣà há a láti inú. Ṣùgbọ́n nǹkan tí a fi òwú hun máa ń fẹ̀ bí a bá ń fà á, ike tó há gírígírí lónìí sì lè yọ bọ́ lọ́la. Láti ọdún 1980 ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti kọ̀ kí ohun ìṣeré ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 ní ẹ̀yà kékeré tó lè wọ inú agolo kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 31.7, torí ohun tó bá wọ ibẹ̀ lè há ọmọ lọ́fun.

Ẹyẹ wo ni kí n wá hun? Àwọn òyìnbó fẹ́ràn òwìwí nínú ìwé kóróṣé wọn. Mo mọ̀ pé n kò gbọdọ̀ gbé òwìwí wọ ilé Màmá, ì báà jẹ́ ti òwú. Odídẹrẹ́ ni mo mú: ara eérú, ìrù pupa, ojú tí funfun yí ká.

Alẹ́ méjì ni mo fi hun ara rẹ̀. Ojú méjì àti àgógó kan gba alẹ́ mẹ́ta. Pínnì kóróṣé tó tínrín ni mo lò. Mo fẹ́ fi òwú aláwọ̀ ìyeyè yí dúdú ojú rẹ̀ po, Màmá ní rárá. "Odídẹrẹ́ tójú rẹ̀ bá pọ́n bí ìyeyè, àgbà ni. Ọmọ odídẹrẹ́ ni kó jẹ́." Òótọ́ ni: dúdú ni ojú ọmọ odídẹrẹ́, bó ti ń dàgbà ló ń yí padà. Mo wá yí òwú dúdú mọ́ ìka, mo hun ẹyọ 6 sínú òrùka náà, mo fà á títí ihò àárín fi dí. Ní ìyípo kejì, mo hun méjì méjì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 12. Ní ìkẹta, mo mú òwú funfun: ẹyọ kan, méjì, ẹyọ kan, méjì, ó di 18. Àgógó ló le jù. Mo fi ẹyọ 4 bẹ̀rẹ̀ ní ṣóńṣó, mo sì ń fi kún un ní ẹ̀gbẹ́ òkè nìkan kí ó lè tẹ̀ wá sísàlẹ̀. Mo fi ìdí òwú gígùn sílẹ̀ lára gbogbo wọn, òun ni n ó fi rán wọn mọ́ orí.

Kí n tó rán wọn, mo kọ́kọ́ fi pínnì télọ̀ há wọn wò. Bí ojú méjèèjì bá kọ iwájú, ó di òwìwí. Bí wọ́n bá ga jù, ó dà bí ẹni tí wọ́n jí owó rẹ̀ gbé. Bí wọ́n bá wálẹ̀ jù, ó di ọ̀lẹ tó ń tòògbé. Ẹ̀gbẹ́ orí ni mo wá fi wọ́n sí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bí Ẹlẹ́dàá ti ṣe é. Pínnì 5 ni mo há, 5 ni mo sì kà kúrò.

Màmá gba ẹyẹ náà, kò tilẹ̀ wò ó. Ó fi àtàǹpàkò tọ etí ojú rẹ̀ yí ká, ó ń wá ibi tí òwú ti dẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ki àgógó bọ ẹnu, ó fi ìwọ̀nba eyín tó kù ú kù mú un, ó sì fà á tagbáratagbára. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. "Ohun tí ọmọ máa ṣe sí i nìyẹn," ó wí, ó sì nà án sí ọmọ. Lójú ẹsẹ̀, àgógó wọ ẹnu. "Odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ," Màmá ní. A ṣe àmín.

Ẹlòmíràn lè ní kí ni ojú ẹyẹ òwú já mọ́ tí à ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ọmọdé kò tíì mọ ohun tó yẹ ní jíjẹ, ẹnu ló fi ń mọ ayé. Àwa àgbà ló yẹ ká ti bá a yẹ ayé náà wò ṣáájú. Bí ẹ bá fẹ́ ra ọmọláńgidi fún ọmọ ọlọ́mọ, ẹ má tijú ẹni tó ń tà á. Ẹ fa ojú rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó.