Owó Ẹnu Ọ̀nà

Yúrò márùn-ún ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Tí a bá ṣẹ́ ẹ sí owó tiwa níbí, díẹ̀ ló kù kó pé 3,300 CFA. Èèyàn lè ná an tán lórí ẹja àti tòmátì lọ́jà Atakpamé láàárọ̀, kó má sì rántí rẹ̀ mọ́ lálẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Tàǹtí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, àti ọkọ rẹ̀ ti ti Róòmù dé, Yúrò márùn-ún yẹn kò jẹ́ kí n sinmi.

Ẹgbẹ́ àwọn àgbà ìjọ ni wọ́n bá rìn, lọ́dún Júbílì 2025. Bàbá, ọkọ Tàǹtí, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Tàǹtí ta aṣọ títí orúnkún fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n dé Lourdes, wọ́n dé Róòmù, wọ́n gba Ilẹ̀kùn Mímọ́ kọjá, wọ́n ń ti inú ṣọ́ọ̀ṣì kan bọ́ sí òmíràn bí ìyàwó tuntun tó ń kí àwọn àna kiri agbo ilé. Fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pọ̀ débi pé fóònù ìyá mi ò gbà á mọ́. N kò ní í fi gbogbo rẹ̀ dá ẹnikẹ́ni lágara. Pantheon ni mo ń bọ̀ wá sọ.

Ilé òrìṣà ni Pantheon. Ọba Hadrian ló kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ lónìí, ní nǹkan bí ọdún 126. Ní 609, Póòpù Boniface Kẹrin gbà á, ó sì yà á sí mímọ́ fún Màríà àti àwọn ajẹ́rìíkú, ó sì ti jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì títí di òní. Ihò kan wà ní àtàrí òrùlé rẹ̀, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà mẹ́sàn-án, tí wọn ò fi nǹkan kan bò. Bí òjò bá rọ̀, inú ilé ló ń rọ̀ sí. Wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí ilẹ̀ mábù kí omi lè rí ọ̀nà lọ. Oṣù Keje 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba Yúrò márùn-ún lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Nínú ọgọ́rùn-ún, ìjọba Ítálì ń mú àádọ́rin, dáyọ́sìsì Róòmù ń mú ọgbọ̀n. Ẹni tó bá wá gba Máàsì kò san nǹkan kan.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n dé ibẹ̀. Ẹni tó kó wọn rìn ní kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé lójú ẹsẹ̀ sanwó, kí ẹni tó bá sì lè dúró de Máàsì ìrọ̀lẹ́ dúró. Bàbá sanwó. Tàǹtí ní òun ò ní í sanwó kí òun tó wọ ilé Màríà, ó wá ibì kan jókòó sí létí orísun omi tó wà níwájú ilé náà, ó yọ búrẹ́dì nínú àpò, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Báyìí ni tọkọtaya tó ti wà pọ̀ láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣe wọ ilé kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ ń jẹ mí lọ́kàn ni bí olùṣọ́nà ṣe pín wọn sí méjì, olùwòran lọ́tún, olùgbàdúrà lósì. Mo wá bi wọ́n léèrè, ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ẹnìkejì rẹ̀. Bàbá ní nígbà tí òun dé abẹ́ ihò náà, oòrùn là á já, ó tàn sára ògiri, ni òun bá rántí àbúrò òun tó kú. Ó ní òun gbàdúrà títí ẹnì kan fi rọra ta òun létí pé òun dí ọ̀nà. Tàǹtí ní tòun, èdè Ítálì ni wọ́n fi ṣe Máàsì, òun ò gbọ́ ju orúkọ Jésù lọ, òkè ni òun ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Òjò ni mo ń retí," ó wí. "Ó wù mí kó rọ̀ lé àlùfáà lórí."

Ẹni tó sanwó ìran ló gbàdúrà; ẹni tó wá gbàdúrà ló wòran. Èyí ì bá tó mi kọ, ǹ bá sì fi síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Tàǹtí kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ó ní nígbà tí wọ́n gbé àpò ọrẹ dé ọ̀dọ̀ òun, Yúrò márùn-ún ni òun jù sí i.

Bàbá fò dìde. "Yúrò márùn-ún? Kí ló dé tí o ò san án lẹ́nu ọ̀nà, kí a jọ wọlé?"

"Ti ẹnu ọ̀nà yàtọ̀," Tàǹtí dá a lóhùn, ó sì yíjú sí ẹ̀gúsí tó ń ṣà. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Yóò sọ gbólóhùn kan, yóò fi ọ sílẹ̀ kí o máa wá ìyókù.

Ibi tí mo ti wá ìyókù náà rí, kì í ṣe Róòmù. Ìyá ìyá mi, ọmọ Ifẹ̀ tibí, olùsìn Nàná Bùkúù ni. Ilẹ̀ Adélé, lọ́hùn-ún níbi tí Tógò ti bá Gánà pààlà, ni wọ́n ti máa ń lọ bọ Nàná láyé ìgbà náà, lẹ́gbẹẹgbẹ́, pẹ̀lú aṣọ funfun àti ọ̀pá ìtilẹ̀. Pierre Verger, òyìnbó Faransé tí wọ́n fún lórúkọ Fátúmbí, kọ̀wé nípa irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu Ìyá àgbà ni mo ti gbọ́ tiwa. Ó máa ń ka ẹrù tí wọ́n rù fún mi, ìka kan fún ẹrù kan: aṣọ, obì, iyọ̀, ìkòkò kékeré. Tó bá ti dé orí ìka kékeré, á dákẹ́, torí pé ẹrù ibẹ̀ kò ṣeé rù.

Àgàn ni wọ́n ń pè é nígbà tó kọ́kọ́ lọ. Ó dé ibẹ̀, ó fi obì lélẹ̀, ó sọ ohun tó wá fún, ó sì sọ ohun tí òun yóò mú wá bí ó bá rí i gbà. Wọn ò gba nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó padà lọ, ewúrẹ́ wà lókùn lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Tàǹtí ni ọmọ yẹn. Mo bi í léèrè nígbà kan, mo ṣì kéré, pé kí ló dé tí wọn ò gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, kó má baà ṣe ìrìn ẹ̀ẹ̀mejì.

"Tí wọ́n bá ti gbà á," ó wí, "kí ni ì bá gbé mi padà lọ?"

Ọ̀rọ̀ ìwòran àti àdúrà tí mo ń gbé lọ gbé mi bọ̀ tẹ́lẹ̀ kò wá já mọ́ nǹkan kan mọ́. Ìgbà tí a sanwó ni ọ̀rọ̀ wà. Owó tí a san ká tó wọlé ti parí ọ̀rọ̀ láàárín onílé àti àlejò. Ẹnìkan ò jẹ ẹnìkan. Ẹni tó wọlé láìsanwó ti jẹ gbèsè, gbèsè náà ni yóò sì máa fà á bọ̀.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń bú àwọn ará Róòmù. Òrùlé tó ti lé ní ọ̀rúndún méjìdínlógún fẹ́ ìtọ́jú. Àti pé nígbà tí wọn kì í gbowó ńkọ́? Póòpù Urban Kẹjọ fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n tú idẹ tó wà lábẹ́ òrùlé ìloro rẹ̀, wọ́n sì yọ́ ọ, wọ́n fi púpọ̀ nínú rẹ̀ rọ ìbọn àgbá. Ilẹ̀ tiwa náà kò yọ sílẹ̀. Àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Steyl tó gúnlẹ̀ sí Lomé ní 1892, tí wọ́n sì gòkè wá bá wa láàárín òkè wa, owó tí àwọn Kátólíìkì Jámánì ń dá ni wọ́n fi ń kọ́lé. Ẹni tó sanwó kò rí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń lo ṣọ́ọ̀ṣì kò sanwó, àwa náà la sì ń jẹ gbèsè yẹn láìmọ ẹni tí a ó san án fún. Bóyá ìdí nìyẹn tí ojú Bàbá fi wà lọ́nà Yúróòpù láti kékeré.

Èmi ńkọ́? Kò sí ohun tí n kì í sanwó rẹ̀ ṣáájú. Mo ń ra káàdì kí n tó pe èèyàn, mo ń ra iná kó tó tàn, mo ń san owó ọkọ̀ Lomé kí awakọ̀ tó ṣíná. Ó rọrùn, kò sí ìjà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo jókòó, mo ro ó títí, n kò rí ibì kan láyé yìí tó ń retí pé kí n padà wá. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé ní ibi méjì, ilé rẹ̀ àti Adélé.

Mo bi Tàǹtí bóyá ó mọ̀ pé ilé òrìṣà ni Pantheon tẹ́lẹ̀. Ó ní wọ́n sọ ọ́ fún wọn, pé ṣé ilé òrìṣà kọ́ ni wọ́n ti tọrọ òun náà ni? Kò mú un tìjà tìjà, kò sì dẹ́kun ẹ̀gúsí tó ń ṣà. Àfi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ló tó jẹ́wọ́ fún wa pé lábẹ́ ihò yẹn, òun jẹ́jẹ̀ẹ́: bí orúnkún bá fi òun sílẹ̀, òun yóò padà wá dúpẹ́. Ó sì ní láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, orúnkún náà ti ń rọ̀.

Bàbá gbórí lé ọwọ́. Físà nìkan, Yúrò àádọ́rùn-ún lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ká má tíì sọ ti ọkọ̀ òfuurufú. Ó bi í pé nínú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tó wà láti Agbonou títí dé Lomé, ṣé kò rí ọ̀kan jẹ́jẹ̀ẹ́ sí ni.

"Ibi tí mo wà nígbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi nìyẹn," Tàǹtí wí. "Ìwọ tí o ti sanwó tìrẹ, o lè jókòó sílé."