Bébà Tó Wà Nínú Fáìlì Mi

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò wa ní Agége, kò sì sí ohun tí mo fi ń yangàn bíi ìjà tọkọtaya tí mo bá parí.

Bàbá Ìbejì ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ọba Akran. Lọ́jọ́ kan ló lu ìyàwó rẹ̀ tí ojú òsì obìnrin náà fi wú dí. A pè é. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń sunkún. Mo fa bébà yọ, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́ pé òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìgbà náà ni mo yíjú sí Ìyá Ìbejì. Mo ní, "Ìwọ náà, kúnlẹ̀, bẹ ọkọ ẹ. Ìjà kì í ṣe ti ẹnì kan." Ó fi ojú kan tó kù wò mí. Ó wò mí pẹ́. Ó kúnlẹ̀.

A ṣí ẹlẹ́rìndòdò. Mo kọ "Ó TI PARÍ" sísàlẹ̀ bébà, mo fàlà méjì sí i nídìí. Àṣé àwa àgbà ni ẹ̀bẹ̀ yẹn tù lára. N ò yà sílé wọn mọ́. Kí ni n bá lọ ṣe? Ó ṣáà ti parí.

Oṣù kẹta lẹ́yìn náà, apá Ìyá Ìbejì ló dá. Ìyá oníbúrẹ́dì sọ fún mi pé gbogbo àkókò ooru yẹn lòun ń rí i nínú aṣọ alápá gígùn. "Akọ̀wé, ẹ̀yin lẹ ní ó ti parí, kí la fẹ́ sọ?"

Agbẹjọ́rò kan ló là mí lójú pé láti ọdún 2007 ni òfin Èkó ti wà tí ilé-ẹjọ́ fi lè pàṣẹ pé kí ọkùnrin má sún mọ́ ẹni tó ń lù. Ní 2021, ìjọba sọ ikọ̀ tó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé di àjọ, òun ni DSVA. Èmi ń fàlà sídìí bébà!

Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́, wọ́n ní kí Bàbá Ìbejì fi ilé sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà báyìí. Èmi, oníbúrẹ́dì àti aránṣọ ẹnu géètì la ń pín ọ̀sẹ̀ ṣe: àwọn ń yà kí ìyàwó, èmi ń lọ wo ọkọ, pàápàá lọ́sẹ̀ tí owó oṣù bá wọlé. Ó ní bí inú bá ń bí òun, òun á rìn dé Pen Cinema kóun tó padà. Mo máa ń bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bóyá òótọ́ ni.

Ìyá Ìbejì ṣì ń kí mi dáadáa. Bó bá ti fẹ́ kúnlẹ̀, mo ti gbà á lápá, èyí tí kò dá.