Ewé Tíì Ẹ̀yìnkùlé

Pápákọ̀ òfuurufú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń mọ Ìdó-Ọ̀ṣun, ìlú tó fara ti Òṣogbo. Ní tèmi, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń wò níbẹ̀. Nídìí kànga, tàbí lẹ́bàá ògiri ilé ìdáná, ewé tíì a ti ta ìdì ńlá sílẹ̀. Ewé rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó nàró dé ìdajì, ló bá tẹ orí ba. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun, ó le, ó sì wú díẹ̀. Etí ewé náà mú gan-an. Ẹni tó bá fi àtẹ́lẹwọ́ wọ́ ọ sódì yóò rí ẹ̀jẹ̀.

Kì í sábà yọ òdòdó, nítorí náà a kì í wá irúgbìn rẹ̀ kiri. A máa ń ya ọmọ lára ìyá ni, a ó gé ewé rẹ̀ kúrú, a ó sì rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Efinrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò dúró de ẹnì kan ní tirẹ̀. Irúgbìn rẹ̀ a bọ́ sílẹ̀, òjò a rọ̀, ọmọ rẹ̀ a sì hù káàkiri ọgbà.

Àárọ̀, kí oòrùn tó mú, ni ó dára jù láti já wọn. Ọ̀bẹ la fi ń gé ewé tíì nítòsí ìdí. A kì í fà á tu. A ó ṣan án dáadáa nínú omi, nítorí yẹ̀pẹ̀ máa ń há sí àárín ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó gé e wẹ́wẹ́, a ó sì fi ọmọ odó tẹ ìsàlẹ̀ funfun yẹn fọ́. Àsìkò yìí gan-an ni òórùn rẹ̀ máa ń kún ilé. Òróró kan tí wọ́n ń pè ní citral ló ń ṣe é, òun náà ló wà nínú èèpo ọsàn lẹ́mọ́ọ̀nù.

Ọ̀pọ̀ ló ń se é bí ẹni ń se àgbo, tí wọ́n á jẹ́ kó máa hó títí. Èmi kò fara mọ́ ọn. Èèpo igi àti egbò le, wọ́n nílò iná pípẹ́. Ewé tútù kò nílò rẹ̀. Kí omi kọ́kọ́ hó, kí a da ewé sí i, kí a pa iná, kí a sì dé ìkòkò pinpin fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òróró yẹn máa ń bá ooru gòkè lọ, ẹni tí kò bá dé ìkòkò ti fi adùn rẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ewé efinrin méjì tàbí mẹ́ta ti tó; tó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ọbẹ̀ ẹja aláta ni yóò máa rùn. Atalẹ̀ díẹ̀ tí a gún lè tẹ̀ lé e, kí ọsàn wẹ́wẹ́ àti oyin wá kẹ́yìn, nínú ife.

Tí a bá sẹ́ ẹ, omi náà a mọ́ gaara, a sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ó ń ta lẹ́nu, ó sì ń tu ọ̀fun. Kò ní kaféènì tó wà nínú tíì tí wọ́n ń gbìn ní Òkè Mambilla, ní ìpínlẹ̀ Taraba, nítorí náà a lè mu ún lálẹ́ kí oorun má fò lọ. Ìgbà ọyẹ́ ló dùn jù, pẹ̀lú àkàrà gbígbóná. Àmọ́ ẹni tí ibà bá mú, kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nílé ìwòsàn. Tíì kò lè rọ́pò oògùn ibà.

Ewé tí a gé sílẹ̀ títí tó fi rọ kì í rùn bí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Nítòsí ilé ìdáná ló yẹ kó wà, ìdí nìyẹn tí sìmẹ́ńtì tí a ń fi bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé fi ń dùn mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé, ẹ fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ilé ìdáná, kí ẹ sì tọrọ ọmọ ewé tíì kan lọ́wọ́ aládùúgbò yín kí òjò ọdún yìí tó lọ.