Erin Wó ní Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù

Bí ẹ bá ti gbé ní gúúsù ìlú Lọ́ńdọ̀nù rí, ẹ ó mọ Elephant and Castle. Ère erin tí ó gbé ilé olódi sẹ́yìn wà níbẹ̀, òun ni a fi ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Ilé ìtajà ńlá tí erin náà ń ṣọ́ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Oṣù Kẹta ọdún 1965 ni wọ́n ṣí i, ní àdúgbò tí bọ́ǹbù ogun àgbáyé kejì ti bàjẹ́. Abẹ́ òrùlé kan ṣoṣo ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù wà, ọ̀pọ̀ sì ń pè é ní àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Yúróòpù. Àyè ṣọ́ọ̀bù 120 ni wọ́n ṣètò. 29 péré ni ó ń tajà nígbà tí wọ́n ṣí i. Àwọn ènìyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí pé kò lẹ́wà. Kò kúkú lẹ́wà. Nígbà kan wọ́n tilẹ̀ kùn ún ní àwọ̀ pínkì!

Ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé ní Walworth kò wá ẹwà lọ síbẹ̀. Bí òjò bá ká wa mọ́ ibùdó bọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni a ń sá wọ̀. Àwọn alátẹ wà níta, wọ́n ń ta aṣọ àti báàgì. Nínú ilé, àwọn ará Kòlóḿbíà ń ta kọfí. Ẹni tí ó ra ife kan lè jókòó tí yóò fi rẹ̀ ẹ́, kò sí ẹni tí yóò lé e.

Bíńgò wà lókè. Tẹ́tẹ́ ni bíńgò, a kò ní fi orúkọ mìíràn pè é. Síbẹ̀ a mọ ohun tí ń gbé àwọn màmá àgbà, dúdú àti funfun, gòkè lọ síbẹ̀ nígbà òtútù: ilé wọn tutù, owó gáàsì ga, wọn kò sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì mélòó ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun?

Heygate, ilé káńsù tí ó wà nítòsí, ni wọ́n kọ́kọ́ wó, láàárín 2011 sí 2014. Ó ju 1,000 ìdílé lọ tí ó ní àyè níbẹ̀, wọ́n sì fọ́n ká. Ní 2018 káńsù Southwark fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wó ilé ìtajà náà pẹ̀lú. Nínú ilé gbígbé 979 tí wọ́n ṣètò láti kọ́, 116 ni owó rẹ̀ yóò dà bí ti ilé káńsù. Àwọn ará àdúgbò gbé ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, wọn kò borí.

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án 2020 ni wọ́n tì í pa. Ní 2021, erin wó. Àwọn kan nínú àwọn ọlọ́jà rí àyè ní Castle Square tí wọ́n kọ́ sí tòsí, àwọn mìíràn kò rí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n gbé ère erin lọ. A ti lọ wò ó. A pàdé méjì nínú àwọn màmá oníbíńgò lójú ọ̀nà, wọ́n ní ilé ni àwọn ń jókòó sí báyìí.