Nítorí anpilifáyà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, iná fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Bàbá Ìbejì

Nígbà tí Ìyá Ìbejì máa fi sáré dé inú yàrá, ọkọ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Súkúrúdáífà wà lápá kan, bàtà rẹ̀ kan wà lápá kejì. Kò kú, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀. Ohun tó ya obìnrin náà lẹ́nu ni pé púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ tó ń tú kò sí nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ ló ṣe nígbà tí ọkọ rẹ̀ yọ ọ́. Iná wo ló wá gbé e? Ìyá kan tó ń tajà níwájú ilé ní kí wọ́n lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà wò, pé ẹrù òkú ni, òkú ò sì tí ì fọwọ́ sí i. Ìyá Ìbejì ò dá sí ìyẹn. Ó dúró lé ọkọ rẹ̀ lórí, ó ní, "Bàbá Ìbejì, bàbá yín ti kú, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ bá wọn lọ ni?"

Ọdún 1997 lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní Ṣómólú, l'Ékòó. Akọ̀wé ni Bàbá Ìbejì nílé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní Marina, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í bá ará ilé jà. Ọdún tó ṣáájú ni bàbá rẹ̀ jáde láyé. Nígbà tí wọ́n ń pín ogún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú ilẹ̀ tó wà n'Íjẹ̀bú-Igbó, àwọn yòókù pín èyí tó kù, ó wá ku àpótí dúdú kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, tí aláǹgbá ti sọ dilé. Àpótí ọ̀hún wúwo débi pé ẹni méjì ló ń gbé e, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ láti 1979. Bàbá Ìbejì ní òun á mú un. Ńṣe ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Anpilifáyà gìtá ni. Bàbá wọn ta gìtá tẹ́nọ̀ nínú ẹgbẹ́ jùjú kan n'Íbàdàn láyé ọjọ́un, ẹgbẹ́ tí kò lókìkí púpọ̀, àmọ́ tí òde ò wọ́n wọn. Vox AC30 ni wọ́n kọ sára àpótí náà, irú èyí tí Dick Denney ṣe fún iléeṣẹ́ Jennings ní Dartford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn Beatles náà lò. Valve ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, àwọn nǹkan onígíláàsì bíi gílóòbù kékeré tó máa ń pọ́n wẹ̀ẹ̀ bí iná bá ti wọlé, kí transistor tó gba ayé kan.

Ẹni tó bá ti jó jùjú rí á mọ ohun tí irú àpótí bẹ́ẹ̀ ṣe fún wọn. Gìtá tí kò ní iná ò lè bá ìlù figẹ̀ wọngẹ̀. Ọdún 1949 ni Ayinde Bakare gbìyànjú àtifi máìkì kékeré mọ́ ara gìtá, lásìkò tí gángan náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú jùjú. Bí kì í bá ṣe anpilifáyà ni, gángan ì bá ti gbé gìtá mì káló.

Ẹni àkọ́kọ́ tí Bàbá Ìbejì gbé ẹ̀rọ náà lọ bá, ọ̀gá kan tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, gba ₦1,500 lọ́wọ́ rẹ̀, ó tọ́jú ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ fún oṣù mẹ́ta, ó wá ní kó jẹ́ kí òun kó gbogbo pàǹtí inú ẹ̀ dànù, kí òun fi bọ́ọ̀dù tuntun sí i. Pàǹtí tó ń wí yẹn gan-an ni Vox! Bàbá Ìbejì gbé ẹrù rẹ̀ padà sílé, ó tú u, ó rí i pé nínú valve EL84 mẹ́rin tó yẹ kó wà níbẹ̀, méjì ti rìnrìn àjò. Ọjọ́ yẹn ló búra pé òun fúnra òun lòun máa tún un ṣe. Ó kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà ní Peckham, ní London. Ìyẹn fi àwòrán bí wáyà inú ẹ̀rọ náà ṣe lọ ránṣẹ́, ó fi ìwé kan àtàwọn capacitor tí wọ́n kọ 450 volt sí lára kún un.

Ẹ wo bó ṣe jẹ́. Iná 240 volt ló ń wọlé láti ara ògiri. Tiransifọ́mà inú ẹ̀rọ á gbé e ròkè kọjá 300. Valve kan tí wọ́n ń pè ní GZ34 á wá sọ ọ́ di iná tó ń lọ sápá kan ṣoṣo. Àmọ́ iná yẹn ṣì ń ta gbọ́n-ọ́n gbọ́n-ọ́n. Capacitor ló ń tù ú lójú, bí ìkòkò omi tó wà lẹ́yìnkùlé: bí omi ẹ̀rọ bá tilẹ̀ ń dá wá, tó ń dá lọ, ti inú ìkòkò á máa ṣàn geere. Bí ọdún bá ti lọ lórí capacitor, omi ara rẹ̀ á gbẹ, ì báà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò tan ẹ̀rọ náà rárá. Anpilifáyà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hùùù bí ẹni tí inú ń run.

Ìkòkò yìí náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí Bàbá Ìbejì. Ó ti yọ gbogbo valve kúrò àfi GZ34, ó tan ẹ̀rọ kó lè wọn iná, ó pa á, ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó lọ jẹun. Valve ló máa ń mu iná tó bá kù nínú capacitor. Kò wá sí valve níbẹ̀, ta ni yóò mu ún? Nígbà tó jẹun tán tó padà dé, tó fọwọ́ méjèèjì bọ inú ẹ̀rọ, ó ti rò pé òkú lòun ń tú.

Látọjọ́ yẹn ló ti ní òfin. Bí ó bá yọ púlọ́ọ̀gì, á so resistor kan mọ́ capacitor kí iná inú rẹ̀ lè gbẹ díẹ̀díẹ̀, á fi mítà wọ̀n ọ́n títí á fi bọ́ sí nǹkan bí òdo. Bó bá di dandan kó fọwọ́ kan ibi tí iná wà, ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò, torí iná tó bá gba ọwọ́ kan wọlé tó gba ọwọ́ kejì jáde, àárín àyà ló máa gbà kọjá. Ìgbà tó ṣàlàyé èyí fún ìyàwó rẹ̀ ló di ẹjọ́. Bí obìnrin yẹn bá ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ì báà jẹ́ pé ọbẹ̀ ń jó lórí iná, á ní, "Bàbá Ìbejì, ọwọ́ òsì ńkọ́?"

Ó tún so gílóòbù 100 watt kan mọ́ ojú ọ̀nà tí iná ń gbà wọ inú ẹ̀rọ. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ náà, gílóòbù á tàn rokoṣo, òun láá gba ìyà náà jẹ. Bí gbogbo nǹkan bá dáa, á kàn ṣẹ́jú, á sì rọra wálẹ̀. Àwọn ìbejì ló fi ṣe olùṣọ́ gílóòbù náà, láti ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe nínú yàrá.

Ọmọkùnrin kan l'Álàbá ní kó má dààmú ara ẹ̀ lórí capacitor London, pé ti tẹlifíṣọ̀n wà tó tóbi jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀, GZ34 ò fẹ́ kí capacitor tó wà níwájú rẹ̀ ju 60 microfarad lọ, èyí tí ọmọ náà gbé jáde sì jẹ́ 220. Ẹ̀rọ tí èyí-tó-tóbi-ló-dáa ti pa láyé yìí pọ̀. Ti valve méjì tó sọnù, ilé níbẹ̀ ló ti rí i. Ìyá lánlọ́ọ̀dù ní rédíógíráàmù Grundig kan tó ti kú, tí wọ́n ń to abọ́ lé lórí. EL84 náà ni wọ́n fi ṣe ohùn rẹ̀. Ìyá ní kó mú ohun tó bá fẹ́ nínú rẹ̀, kó sáà ti lè máa gbé abọ́. (Wọ́n ṣì ń ṣe EL84 tuntun ní Rọ́ṣíà, Slovakia àti Ṣáínà títí dòní, àmọ́ nígbà tí ogun Ukraine bẹ̀rẹ̀ ní 2022 tí Rọ́ṣíà dá ọjà dúró fúngbà díẹ̀, àwọn tó ti yọ ti rédíógíráàmù pamọ́ rẹ́rìn-ín gan-an.)

Níparí 1997, ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀. Kò kùn, kò hó. Ìròyìn tàn, kò sì sí Sátidé tí wọn ò gbé anpilifáyà wá mọ́, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ilé ìwé, ti àwọn ọmọ tó ń ta gìtá ní òde. Bàbá Ìbejì kì í gba kọ́bọ̀. Ó ní eré lòun ń ṣe. Ìyá Ìbejì ní irú eré wo ló ń jẹ owó ọbẹ̀, àbí ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ta lẹ́ẹ̀dì tó ń yọ́? Ká sòótọ́, obìnrin náà ò jayò pa.

Ó di 1998, àwọn ìbejì fẹ́ wọ JSS 1. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wá, wọ́n ní àwọn máa ra Vox náà ní ₦60,000, kó ṣáà jẹ́ kí ohùn rẹ̀ mú ṣáṣá, kí gbogbo ìjọ gbọ́ ọ. Wọ́n ka ₦25,000 sílẹ̀, owó ilé ìwé sì gbé e lọ lọ́jọ́ kejì. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ò le. Ní nǹkan bí 1961, táwọn onígìtá ń ráhùn pé ohùn AC30 kò mú tó, iléeṣẹ́ tó ń ṣe é náà gbé àtúnṣe kan jáde tí wọ́n pè ní Top Boost, valve ECC83 kan sí i pẹ̀lú bọ́tìnnì méjì, tí wọ́n máa ń dè mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Bàbá Ìbejì ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ohùn náà mú bí abẹ.

Kó tó gbé e fún wọn, ẹnì kan dé láti Ìbàdàn. Bàbá Onígìtá làwọn èèyàn ń pè wọ́n, àwọn ló ń ta gìtá àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ojú wọn ni wọ́n wá fi han dókítà l'Ékòó. Bàbá Ìbejì gbé gìtá fún wọn. Wọ́n ta á ní ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n dúró, wọ́n yí bọ́tìnnì sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n tún ta á.

"Ta ló sọ ọ́ di agogo?"

"Bàbá, èmi ni. Ṣọ́ọ̀ṣì ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, sà."

"Ó dáa fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn bàbá rẹ kọ́ nìyí. Tẹ́nọ̀ ni bàbá rẹ ń ta, abẹ́ ìlù ló máa ń gbà. Gángan á sọ̀rọ̀ tán, òun á dá a lóhùn. Pẹ̀lú èyí tóo ṣe yìí, àwọn méjèèjì á jọ máa pariwo lé ara wọn lórí ni."

Bàbá Ìbejì ò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Kì í ṣe pé iṣẹ́ tó ṣe kò dáa. Ó dáa, ó kàn ti tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe ni. Owó ṣọ́ọ̀ṣì ti di owó ilé ìwé, kò sì sí ₦25,000 mìíràn níbì kankan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tó mú ilẹ̀, ti gbọ́ pé wọ́n ń ta àpótí, ó ránṣẹ́ pé ogún bàbá àwọn ni, kí wọ́n má gbàgbé ìpín òun. Ìyàwó rẹ̀ ló dá a lábàá. Ó ní, "Ṣebí ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Ẹ ṣe òmíràn fún wọn."

Ohun tó ná oṣù méje nìyẹn. Pásítọ̀ gbà láti dúró, wọ́n níwà. Bàbá Ìbejì ní kí àwọn tó ń wé wáyà sítabiláísà l'Álàbá wé tiransifọ́mà iná fún un, àbúrò rẹ̀ fi èyí tó ń gbé ohùn lọ sí sípíkà ránṣẹ́ láti London, àwọn tó ń gé páànù ní Mushin ṣe àpótí irin, káfíńtà kan àdi páànù náà láṣọ púláìwúùdù. EL84 méjì, bíi 12 watt péré, àmọ́ bí wọ́n bá gbé máìkì síwájú rẹ̀, ó tó ṣọ́ọ̀ṣì. Top Boost tó yọ kúrò lára Vox ló dè mọ́ ọn.

Alẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ tàn án, ẹ̀rọ náà ké ìííí bí ajá tí mọ́tò tẹ̀ nírù. Gbogbo ilé jí. Lánlọ́ọ̀dù jáde pẹ̀lú ìró lásán, ó ní tó bá jẹ́ àwọn ọmọ ìta ni, òun ti múra. Wáyà méjì péré ló gbòdì. Wáyà tó ń dá díẹ̀ nínú ohùn padà sẹ́yìn yẹ kó máa tu ẹ̀rọ nínú, bí wọ́n bá wá so ó lódì, ńṣe láá máa ti ẹ̀rọ náà ké sí i. Bàbá Ìbejì pa á, ó jẹ́ kí iná gbẹ, ó pa àwọn méjèèjì dà, ó dákẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì san owó wọn pé ní 1999. Bí ẹ bá yọ ohun tó ná, èrè rẹ̀ ò tó ra bàtà ìbejì.

Bàbá Onígìtá tún wá lọ́dún yẹn. Vox ti padà sí bó ṣe wà. Wọ́n jókòó sórí àpótí kékeré, wọ́n ta tẹ́nọ̀ láti aago mẹ́rin títí ilẹ̀ fi ṣú, ìpín bàbá Bàbá Ìbejì ni wọ́n ń ta, wọn ò ta tiwọn. Ìyá Ìbejì gbé àga jáde láti ilé ìdáná. Ìyá lánlọ́ọ̀dù náà wá. Ibi tí wọ́n bá orin dé ni NẸ́PÀ ti múná lọ. Gbogbo Ṣómólú ṣókùnkùn, fáànù dúró, rédíò ilé kejì pa lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ gìtá ò pa. Iná tó kù nínú capacitor gbé ohùn náà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sí i, ó ń rọ̀, ó ń rẹlẹ̀, valve ṣì ń pọ́n nínú òkùnkùn, títí tó fi kú wẹ́rẹ́.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Bàbá Ìbejì dìde láti lọ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ.

"Ọwọ́ òsì ńkọ́?" Ìyá Ìbejì béèrè.