Ilé Ni A Ti Í Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àìmọye ìgbà ni mo ti túmọ̀ òwe yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kí n tó mọ̀ pé èmi tí mo ń túmọ̀ rẹ̀ kò tí ì gbọ́ ọ yé. Ẹ̀rọ kan ni ó là mí lóye.

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí, ṣùgbọ́n èmi náà ni mo ń ṣètò orin àti ìlù fún eré oníṣe tí ilé ẹ̀kọ́ wa ń ṣe lọ́dọọdún. Nítorí pé kò rọrùn láti kó ọ̀wọ́ onídùndún jọ ní gbogbo ọjọ́ ìdánrawò, mo ra àlòkù ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní sáńpúlà. Ẹ̀rọ yìí a máa gba ohùn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, a lè gé ohùn ọ̀hún sí wẹ́wẹ́, kí a pín in sórí rọ́bà 16 tí ó wà lójú ẹ̀rọ ní mẹ́rin-mẹ́rin, kí a sì máa fi ìka lù ú bí ẹni ń lu ìlù. Roger Linn, ará Amẹ́ríkà, ni ó gbìmọ̀ irú rẹ̀ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Akai ti ilẹ̀ Jàpáàn. MPC60, àkọ́bí wọn, jáde ní ọdún 1988. MPC2000XL, àbúrò rẹ̀, ni tèmi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, eré kọ̀ọ̀kan ni mo ń tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìpìlẹ̀. N óò wá ohùn, n óò gé e, n óò tò ó. Kí n tó parí, ilẹ̀ a ti ṣú, orin tí ó wà lọ́kàn mi a sì ti fò lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ akọrin wá bi mí pé, “Tíṣà, ṣé igi ni ẹ máa ń kọ́kọ́ gé fi kan tábìlì nígbàkúùgbà tí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé?” Ó ní kí n to ohùn mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n fi pamọ́, kí n máa pè é jáde bí mo bá fẹ́ lò ó. Èyí ni mo sọ ní àtòsílẹ̀.

Mo bẹ bàbá onílù kan ní àdúgbò wa pé kí ó bá mi lu ìyáàlù: ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín, ohùn òkè. Mo rò pé ó parí ná. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ẹ̀rọ náà pe “ìlú”, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ó ń sọ̀rọ̀ bí àlejò. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tíṣà, ìlù kì í tọ bí ọ̀pọ̀lọ́, rírìn ni ó ń rìn.” Ojú tì mí, èmi tí mo ti kọ ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́ròkè àti ẹlẹ́yọ̀ọ́rodò sójú pátákó fún ọdún púpọ̀! Bí ohùn òkè bá tẹ̀ lé ti ìsàlẹ̀, bíi ti “ìlú”, ńṣe ni ohùn ń gòkè lọ. Bí ti ìsàlẹ̀ bá tẹ̀ lé ti òkè, bíi ti “rárà”, ńṣe ni ó ń yọ̀ wálẹ̀. Onílù a máa fún ọṣán tàbí kí ó dẹ̀ ẹ́ nígbà tí ìró kọ̀ǹgọ́ kò tí ì tán. Bàbá lu méjì yìí kún un. Rọ́bà márùn-ún àkọ́kọ́ di ti ìyáàlù, ẹ̀kẹfà di ti gúdúgúdú, ti agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Mo pinnu pé ipò wọn kò ní í yẹ̀ láé, kí ìka lè mọ ọ̀nà láìlo ojú.

Inú dídùn ni mo wà tí iná mọ̀nàmọ́ná fi lọ. Ohun tí ẹ̀rọ yìí gbé sórí kì í sì í dúró lẹ́yìn iná, àfi bí a bá ti kọ ọ́ sínú díìsìkì. N kò tí ì kọ ọ́. Nígbà tí iná dé, rọ́bà gbogbo ya odi. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, arúgbó tí mo ti dá lágara. Ó bi mí pé, “Ṣé o kò so ó mọ́lẹ̀ ni?” Síbẹ̀, ó tún wá. Lọ́jọ́ náà, bí ó ti ń lu ọ̀kan tán ni mo ń fi pamọ́, síbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Díìsìkì náà kò sì gbà ju ohùn bí ìṣẹ́jú-àáyá 16 lọ, nítorí náà mo kọ́ láti gé ohun tí kò wúlò dànù.

Orúkọ ni ó tún kù. Ẹ̀rọ náà kò mọ àmì ohùn. Mo pe ìlù ogun ní OGUN1, mo pe ti Ògún ní OGUN2. Lọ́jọ́ ìdánrawò, abọgún jáde, ìlù ogun ni ó pàdé rẹ̀! Láti ìgbà náà, dò-rè-mí ni mo ń fi ti orúkọ: OGUN RR ni ogun, OGUN DM ni Ògún. Iṣẹ́ òru mẹ́ta wá di iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ọ̀lẹ ni ó ń lo àtòsílẹ̀. N kò gbà. Ṣé ẹnu ọ̀nà ọlọ́lá ni asunrárà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá oríkì orílẹ̀? Ó ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́; ojú tí ó bá rí ni yóò sọ èyí tí yóò mú jáde. Wàhálà tí àtòsílẹ̀ ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀, a ti kọ́kọ́ ṣe é sílẹ̀ ni.

Bàbá ti lọ sí ilé. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rọ mi, ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní, “Ohùn bàbá mi nìyí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá mi kọ́.” N kò rí èsì fọ̀. Ohùn Bàbá ni mo kó pamọ́. Ohun tí ó mọ̀ ọ́n fi í sọ kò sí nínú díìsìkì kankan. Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mo ń gbé kànnàǹgó kékeré kan lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ń kọ́ mi. Ohùn ìsàlẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀.